Àwọn Òkè Ìlú Ọba Nínú Pálọ̀ Mi ní Lilburn

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìró ilẹ̀kùn náà. Mo mọ̀ dájú pé ìró kan máa ń wà, èyí tí ilẹ̀kùn iwájú ilé mi ní Lilburn, ní Amẹ́ríkà, máa ń ṣe nígbà tí mo bá fà á dé lẹ́yìn ara mi ní òwúrọ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá ìró kejì máa ń tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn ó máa ń dà bí ẹni pé mo gbọ́ ọ rí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo máa ń fura pé òwú òní ni mo fi ń rán aṣọ àná. Orin ni ó máa ń wà ní etí mi méjèèjì nígbà náà, n kì í sì í bojú wẹ̀yìn, nítorí pé olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní eré ìje ní ilé-ìwé girama ti sọ fún wa pé ẹni tí ń bojú wẹ̀yìn ni wọ́n máa ń sáré kọjá. Láti yunifásítì ni mo ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí àwọn ti ọdún wọ̀nyẹn wò láìpẹ́ yìí, n kò rí ìró ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀. Owú ni ó kún inú wọn.

Ìgbà tí mo ń sọ ni ìgbà tí Màámi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi kan ṣoṣo ti lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ilé sì ti tóbi jù fún obìnrin kan tí ń lọ sí ọ́fíìsì ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí kì í dé títí iná ọkọ̀ yóò fi tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní kí Màámi wá láti Èkìtì wá bá mi gbé. Mo fún un ní yàrá tí ó kọjú sí òpópónà, mo ra àga tí a lè nà bí ibùsùn fún un, mo sì fi òfin kan lélẹ̀: kò gbọdọ̀ dá jáde. Ní àdúgbò wa, ilé gbogbo jọra bí ọmọ ìbejì. Àgbàlagbà tí kò mọ̀nà lè wọ ilé onílé kí ó sì jókòó kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe ilé òun. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ àfi àwọn tí ń fa ajá. Màámi gbọ́ òfin náà, ó ní, “Ó dáa, ìyá mi,” gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń pè mí bí mo bá ń pàṣẹ fún un.

Àwa méjì ni Màámi bí. Àbúrò mi obìnrin ti di dókítà, ó sì ti fi ìlú ńlá sílẹ̀ lọ gbé ní abúlé kan láàárín àwọn òkè Ìlú Ọba. Òkúta aláwọ̀ oyin ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà ti wà lórí ìdúró kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn baba ńlá wa tó gbọ́ pé ibì kan wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, àbúrò mi á de fóònù mọ́ àyà, á sá eré ìdárayá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi. Nítorí pé oòrùn tiwọn máa ń yọ ṣáájú tiwa, fídíò á ti dé kí a tó jí. Ọmọ mi ti kọ́ ìyá àgbà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá inú pálọ̀. Bí mo bá ti sá eré tèmi dé, tí òógùn ń kán lára mi sórí kápẹ́ẹ̀tì, iwájú tẹlifíṣọ̀n náà ni mo máa ń bá Màámi, tí ó ń wo eré àbúrò mi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àbúrò mi máa ń gbà, Màámi sì ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ọ̀nà Odò ni èyí tí ó gba orí afárá olókùúta kọjá, tí ó sì ń bá omi lọ lábẹ́ àwọn igi tí ẹ̀ka wọn tẹ̀ ba. Ọ̀nà Àlùfáà ni èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ńlá kan tí ó ti wó, níbi tí àwọn tí ó fi ayé wọn fún àdúrà ti gbé rí nígbà láéláé, tí ewéko sì ń yọ lójú fèrèsé tí kò ní fèrèsé mọ́. Ọ̀nà Òkè ni ó fẹ́ràn jù. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń gòkè tí ó tún ń sọ̀ kalẹ̀, bí aṣọ tí ènìyàn méjì gbọ̀n sínú afẹ́fẹ́, tí àgùntàn sì fọ́n ká sórí rẹ̀ bí òwú tí ó bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Láti orí òkè yẹn, èèyàn á rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, àti ti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Màámi ní òkè náà jọ ọ̀nà oko bàbá òun. Ó mọ ibi tí ẹrẹ̀ wà, ó mọ àtẹ̀gùn onígi tí wọ́n fi ń ré kọjá ọgbà, ó sì mọ ẹṣin funfun kan tí ń yọrí lókè ògiri.

“Rọra níbẹ̀ o! Ẹrẹ̀ wà níbẹ̀!” ni ó máa ń pariwo sí tẹlifíṣọ̀n.

“Màámi, fídíò ni,” ni mo sọ fún un lọ́jọ́ kan.

“Mo mọ̀ pé fídíò ni. Ṣé ẹrẹ̀ kì í sí nínú fídíò ni?”

Bàbá arúgbó kan wà ní ìparí abúlé náà tí ó máa ń tún òdòdó ṣe níwájú ilé rẹ̀. Bí ó bá yọ lójú àwòrán, Màámi á kí i láti Lilburn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.” Ní ọjọ́ kan ó pe àbúrò mi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kò sì dùn.

“O kọjá lára bàbá yẹn bí ẹni tó kọjá lára òpó iná. Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?”

“Màámi, mo juwọ́ sí wọn ná.”

“Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kí àgbà nílé wa?”

“Tí mo bá kúnlẹ̀ lórí eré, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá láti Amẹ́ríkà wá gbé mi dìde?”

“Tẹ orúnkún díẹ̀, kí o máa bá eré ẹ lọ. Kò ní dá.”

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo ń mu omi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí ilé bàbá náà yọ. Àwòrán náà rì díẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì gbé sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún gbéra. Màámi pàtẹ́wọ́. “Ọmọ mi! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́!” Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Sátidé tí àwòrán náà kì í rì níwájú ilé bàbá olódòdó. N kò rántí pé mo ti jowú ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo ń kúnlẹ̀ kí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́ nínú ilé kan náà, kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ní Sátidé yẹn mo fọwọ́ kan àyà mi, mo sì rò pé bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí fóònù kankan tí yóò dúró síbẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé èmi ni mo kọ́ àbúrò mi ní eré sísá. Bí mo bá rántí dáadáa, ọmọ kékeré ni, ó ń sunkún, mo sì ń fà á lọ́wọ́ gun òkè ẹ̀yìn ilé-ìwé wa, tí mo ń sọ fún un pé ẹkún kì í gun òkè. Àbúrò mi ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé èmi ni mo jókòó sórí òkúta lágbedeméjì tí òun padà wá mú mi. A kò tíì parí ìjà yẹn di òní.

Ọ̀nà tèmi ńkọ́? Mo máa ń jáde láti ilé mi, mo máa ń kọjá ibi tí wọ́n to àpótí lẹ́tà gbogbo àdúgbò jọ sí, mo máa ń yà lẹ́bàá odò kékeré kan tí ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀rùn, lẹ́yìn náà mo máa ń bọ́ sí títì ńlá, níbi tí ilé ìtajà tò sí, tí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ti máa ń parí lójijì bí ẹni pé owó ẹni tí ń ṣe é ló tán. Kò sí ẹṣin, kò sí ilé ìṣọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń rí mi: ìyá àgbà kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ń gbé ní ọ̀kánkán wa. Ó máa ń jókòó sí ìloro ilé rẹ̀ pẹ̀lú kọ́fí láàárọ̀. Á juwọ́ sí mi, èmi náà á juwọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà lókè pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, kódà nígbà tí mo bá ti kọjá. Mo rò pé àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ló ń dà á láàmú, àánú rẹ̀ sì máa ń ṣe mí.

Nígbà tí owú náà kò jẹ́ kí n sinmi mọ́, mo ra okùn tí wọ́n fi ń de fóònù mọ́ àyà. Mo pinnu pé Màámi yóò wo eré tèmi náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní Sátidé kan, mo wọ aṣọ tuntun, mo tan fóònù, mo sì gbéra. Mo sá dáadáa. Mo tilẹ̀ ń ṣàlàyé bí mo ti ń lọ: “Màámi, odò nìyí o. Màámi, ẹ wo ìtàkùn olódòdó.” Ibi tí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti parí lẹ́bàá títì ńlá ni mo dé tí ọkọ̀ ńlá dúdú kan fi tan iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, tí ó sì dúró. Díákónì ìjọ wa ni.

“Ah-ah! Sister! Kí ló ṣẹlẹ̀? Mọ́tò yín dà?”

“Mọ́tò wà nílé, sà. Mò ń sáré ni.”

“Ẹ ń sáré? Ta ló ń lé yín?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, sà. Eré ìdárayá ni.”

“Lórí highway? Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́run ló ní kí n gba ibí kọjá.”

Ọmọ Yorùbá nìkan ni irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí. Aládùúgbò aláwọ̀ funfun á dúpẹ́, á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe jẹ́ kí àgbà ìjọ máa bẹ̀ mí lẹ́bàá títì, tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fun fèrè sí i? Mo wọlé. N kò pa fóònù. Ìyókù fídíò náà, ó sì pọ̀ ju eré mi lọ, jẹ́ àwòrán iwájú ọkọ̀ Díákónì, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí ń kìlọ̀ fún mi nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn awakọ̀ tí ń tẹ fóònù. Ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Díákónì kò mọ bí ìbéèrè rẹ̀ ti bá mi tó. Mo mọ ejò tí ń lé mi.

Màámi wo fídíò náà tán. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú. Mo dúró kí ó sọ̀rọ̀ lórí eré mi.

“Díákónì yín mọ ọkọ̀ wà o,” ni ó wí.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e, àbúrò mi ní kí Màámi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Mo mọ̀ ní ọkàn mi pé bí ó bá lọ, kò ní padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro sílẹ̀ fún un: òtútù, òjò, àtẹ̀gùn ilé àbúrò mi tí ó ga. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

“Mo fẹ́ fẹsẹ̀ mi tẹ ọ̀nà yẹn kí ojú mi tó ṣú,” ni ó wí níkẹyìn.

“Ọ̀nà ti ibí ńkọ́, Màámi?”

“Ìwọ kọ́ lo ní n ò gbọdọ̀ jáde sí i?” Ó sì rẹ́rìn-ín kékeré kan, ó yíjú sí fèrèsé. N kò lóye ẹ̀rín náà. Mo kà á sí ẹ̀gàn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó lọ, kò sì padà. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ wọ́n wò, mo ti múra sílẹ̀ láti rí i pé fídíò ń parọ́. Kò parọ́, ó tilẹ̀ fi ohun tí ó dára jù pamọ́, èyíinì ni òórùn koríko lẹ́yìn òjò, àti bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti máa ń gba inú àyà ẹni kọjá. Ní òwúrọ̀ Sátidé, èmi àti àbúrò mi jáde láti gba Ọ̀nà Òkè. Màámi wọ kóòtù, ó mú ọ̀pá, ó sì tẹ̀ lé wa kọjá gééètì títí dé ìparí ògiri olókùúta. “Àlejò tí a kò sìn sọ́nà, ó máa rò pé wọ́n lé òun ni,” ni ó wí, bí ẹni pé àlejò ni wá. “Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re.” A bẹ̀rẹ̀ eré. Bí a ti dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ́ yí, àbúrò mi bojú wẹ̀yìn, ó sì juwọ́. Èmi náà bojú wẹ̀yìn, nítorí pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rí i: ìyá wa dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, ó kéré, ó ń wò wá.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe?” ni mo bi àbúrò mi.

“Ní gbogbo ìgbà, Sìsítà mi. Tí n ò bá juwọ́, wọn ò ní wọlé.”

Gbogbo òkè tí mo gùn ní òwúrọ̀ yẹn, owú ni mo gùn. Mo kọjá lára ẹṣin funfun, n kò rí i tán. Mo tẹ orúnkún fún bàbá olódòdó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n tí ń gbé Amẹ́ríkà. Kò dùn mọ́ mi. Ohun tí mo ń sọ nínú ara mi ni pé Màámi gbé ọ̀dọ̀ mi fún ọdún púpọ̀, kò sìn mí dé ẹnu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan.

Ìrántí Màámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá nísinsìnyí. Mo bi í léèrè lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn tí mo rò pé ó jẹ́ ti àwàdà, pé kí ló dé tí kò sìn mí sọ́nà rí ní Lilburn. Ó ronú díẹ̀. “Lilburn,” ni ó wí, “ṣé èyí tó ní àgùntàn ni?” A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù, ó yé mi pé ẹni kan ṣoṣo tí ó lè dá mi lóhùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn kejì, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi gbà á gbọ́. Nínú ìrántí mi, mo tún máa ń rí sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ìrì wà lára rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá mo rí ìrì náà nígbà yẹn, tàbí èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́n ọn sí i.

Ní ìgbà ìrúwé tí ó kọjá yìí, mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi eré, nítorí pé orúnkún mi kì í gba gbogbo ọ̀nà mọ́, nígbà tí ìyá àgbà ọ̀kánkán wa pè mí láti ìloro rẹ̀. Ó béèrè ìyá mi. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìlú Ọba.

“Mò ń ṣàárò rẹ̀,” ni ó wí. “Ó ní kí n má sọ fún ẹ, àmọ́ mo rò pé ó ti pẹ́ tó wàyí.” Ó ní láràárọ̀, bí mo bá ti jáde, ilẹ̀kùn wa á tún ṣí. Màámi á tẹ̀ lé mi dé ibi àpótí lẹ́tà, á dúró síbẹ̀ títí màá fi yà lẹ́bàá odò. Lẹ́yìn náà, á juwọ́ sí òun, á fi ìka lé ẹnu, á sì sáré wọlé bí ọmọ tí ó jí ẹran jẹ.

Mo jowú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú tirẹ̀ ni ó rí ohun tí ó jẹ́ tèmi, láràárọ̀, pẹ̀lú kọ́fí lọ́wọ́. Èmi sì ni mo ti ń ṣàánú ọwọ́ rẹ̀ tí ó máa ń pẹ́ lókè. Mo bi í bóyá ó dá a lójú, nítorí pé ọkàn èèyàn máa ń dá nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Mo bi í bóyá kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n pè ní òpùrọ́. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní láràárọ̀ ni, bí mo bá ti ń yà, ìyá mi máa ń sọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn mi, nǹkan kan náà, títí òun náà fi mọ̀ ọ́n láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí ibi àpótí lẹ́tà, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìgbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀, bí ẹni tí ń ka orúkọ òpópónà: “Lo re, bo re.”